Wẹ́dà Se Oúnjẹ Àárọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Wọn

Àbúrò bàbá mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Wẹ́dà, nítorí iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe. Àwọn ló ṣe géètì ilé ìwé wa. Tí wọ́n bá gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n máa ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó ń kí ọmọ. Àwọn náà ló ṣe páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin, èyí tó nípọn bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé wọn kò rí ju ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lọ. Dókítà ní ojú náà kò ní í bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n sì ń dá gbé nínú yàrá àti ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ló gbé ẹ̀gbọ́n wọn, Àǹtí Àgbà, dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n fẹ́ mú àbúrò wọn lọ sílé tiwọn, níbi tí kò ti ní í fọwọ́ kan iná mọ́.

“Iná àti ẹni tí kò ríran kì í ṣe ọ̀rẹ́,” ni Àǹtí Àgbà wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti iná ti jọ ń ṣiṣẹ́ kí ọkọ yín tó wá tọrọ yín,” ni Wẹ́dà fèsì. “Ẹ sùn síbí. Tí mi ò bá lè se oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la fún yín fúnra mi, ẹ di ẹrù mi. Kí ọmọ yìí náà wá ṣe ẹlẹ́rìí.”

Èmi ni ọmọ náà. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, Wẹ́dà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ọ̀bẹ máa ń kọ́ sí. Ògiri lásán ni ọwọ́ wọn bà. Wọ́n wá òróró lórí pẹpẹ, wọ́n ṣí ìgò tí ọwọ́ wọn kàn, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n dà á sínú páànù kí wọ́n tó gbé e sí imú.

“Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ nìyí!”

“Ṣé o rí i!” Àǹtí Àgbà figbe ta. “Ṣé ọṣẹ lo fẹ́ fún wa jẹ láàárọ̀ kùtù?”

Wẹ́dà gbé ìgò náà kalẹ̀. Mo wo pẹpẹ náà. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ń dán, wọ́n sì tò wọ́n láti orí èyí tó kúrú dé orí èyí tó ga. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

“Ta ló tún ilé ìdáná mi tò?” ni wọ́n bèèrè jẹ́ẹ́.

Àǹtí Àgbà wolẹ̀. “Èmi ni. Mo fọ gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn tó o sùn lánàá. Ó dọ̀tí, àbúrò mi. Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni.”

“Ẹ ṣeun. Àmọ́ àyè tí nǹkan wà ni mo fi ń ríran.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, pé ẹrù dídì ló kù. Ṣùgbọ́n Àǹtí Àgbà ká apá aṣọ wọn sókè.

“Ó dáa, ọ̀gá. Níbo ni òróró ń gbé?”

“Lápá òsì sítóòfù. Iyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ, lára ìṣó.”

“Ṣíbí ńkọ́?”

“Inú kọ́ọ̀pù tí kò létí.”

“Èyí tí mo ti jù nù?”

“Ẹ̀gbọ́n mi!”

Èmi ni mo lọ yọ kọ́ọ̀pù náà nínú ìdọ̀tí, tí mo sì fọ̀ ọ́.

Nígbà tí gbogbo nǹkan padà sí àyè rẹ̀, ọwọ́ Wẹ́dà kò ṣì mọ́. Wọ́n gé sọ́séèjì sínú páànù, wọ́n sì tẹ́tí. Wọ́n ní tó bá kọ́kọ́ kan òróró, á máa pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Tí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ara rẹ̀ ti pọ́n nìyẹn. Àlùbọ́sà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà tàtàṣé, tòmátì àti ẹ̀fọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí ṣe ihò mẹ́rin sáàárín wọn. Inú ife ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó rọra dà á sínú ihò. Wọ́n wá dé e.

“Ó ti ń jó o!” ni Àǹtí Àgbà wí, ọwọ́ wọn sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń pa gáàsì.

“Omi tòmátì ló ṣì ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.”

Nígbà tí Wẹ́dà ṣí ìdérí, funfun ẹyin ti dì, pupa rẹ̀ ṣì rọ̀. Inú páànù náà la ti jẹ ẹ́, pẹ̀lú búrẹ́dì. Àǹtí Àgbà fi èyí tó kù nínú búrẹ́dì wọn nu ìsàlẹ̀ páànù mọ́ tónítóní.

“Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Ṣé kí n di ẹrù nìyẹn?”

“Ta ló ní kó o di ẹrù? Máa gbé ilé rẹ. Àmọ́ tí mo bá pè ọ́ láàárọ̀ tí o kò gbé fóònù, mo ń bọ̀ nìyẹn, màá sì tún ilé ìdáná yìí tò látòkèdélẹ̀.”

“Háà! Ẹ má halẹ̀ mọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Wẹ́dà wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Màá gbé e kó tó dún.”