Omi Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Ìyá Àgbà

Ẹ forí jì mí bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi kò dán. Ìwé kejì ní girama ni mo kà dé, láti ìgbà náà sì ni ọwọ́ mi ò ti fi bẹ́ẹ̀ mọ́ bírò mọ́. Bí mo bá wà láàárín èèyàn, ẹnu mi kì í là, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó há sí mi lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja.

Ìyá àgbà ni ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ìyá mi. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, tí mo ń jókòó lásán ní Ìsúndúnrìn, àwọn ni wọ́n wá mú mi, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn gbé ní Èjìgbò. Ọmọ wọn ọkùnrin ló kọ́ ilé tí à ń gbé. Abidjan ni òun fúnra rẹ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń darí ilé. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Abidjan ni wọ́n bí Àǹtí sí, bí inú bá sì ń bí wọn, Faransé ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn.

Síńkì wà nílé ìdáná wa, kọ́bọ́ọ̀dù onípákó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kì í lò ó. Wọ́n ní àwọn ò lè máa fọ abọ́ lórí ìdúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń fọ tiwọn, lórí àpótí. Èmi ni mo ń lo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mo ń kó ọṣẹ àti àkísà síbẹ̀. Màá na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, màá mú ohun tí mo fẹ́, màá sì tì í. N kì í bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí láti gbálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá omi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ sí ilé ìtọ̀. Kò pọ̀. Ó kàn tẹ́ sórí táìlì, ó sì ń rùn díẹ̀díẹ̀, bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo nù ún. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀, mo tún nù ún. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo ti kúnlẹ̀ tí mo ń nù ún láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn ni Àǹtí ti bá mi.

"Kí lo ń nù?"

Mo tún ń nù ún lọ.

"Mo ní kí lo ń nù? Àbí o ti yadi ni?"

"Omi ni, mà."

"Omi láti ibo?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn, wọ́n wá gbójú sókè wo ilẹ̀kùn. "Ìyá ni, àbí?"

Ká ní mo sọ pé n ò mọ̀ ni, òótọ́ ni ǹ bá sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jù mí lọ bá bi mí ní nǹkan, tí ojú rẹ̀ sì le, ohun tó bá fẹ́ gbọ́ náà ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi ló ti jáde.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Àǹtí ti sọ ọ́ fún ọkọ wọn lórí fóònù. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìyá ò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́. Kì í ṣe pé mo ń purọ́ mọ́ wọn, ọmọ náà rí i fúnra rẹ̀." Èmi ni ọmọ náà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mo ń fọ aṣọ ibùsùn ìyá àgbà, gbígbẹ ni mo sì máa ń bá a. Bẹ́ẹ̀dì wọn gbẹ. Etí ìró wọn nìkan ló máa ń rin, nítorí pé òkùnkùn àsùbáà ni wọ́n máa ń jí, wọ́n á gba inú omi yẹn kọjá lọ sí ilé ìtọ̀. Mo rí aṣọ gbígbẹ, mo ká a, mo rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, n ò sì bi ara mi léèrè ohunkóhun.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá àgbà náà gbà. Àǹtí fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà wo etí ìró wọn, wọ́n sì fọwọ́ kàn án.

Láti ìgbà náà ni wọn ò ti lọ sí àsàlátù mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n máa ń ṣáájú àdúà fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan wá pè wọ́n, wọ́n ní orúnkún ló ń dun àwọn.

Ọ̀rẹ́ wọn ní, "Orúnkún wo? Orúnkún tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà tó ń bọ̀, tí ọmọdé ò lè bá a? Ẹ pa irọ́ mìíràn!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn lọ tán, ìyá àgbà ká ẹní ìkírun wọn, wọ́n fi kọ́ ìṣó. Wọ́n ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ ò mọ́, ta ni yóò ṣáájú fún?" Àga ni wọ́n ń jókòó sí kírun nínú yàrá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi tútù fọ ara wọn, tí wọ́n sì tún un fọ, nínú ọyẹ́ yẹn. Mo máa ń gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń gbá ara wọn.

Wọ́n ní ife onírin funfun kan tí etí rẹ̀ ti hó, èyí tí wọ́n mú bọ̀ láti Abidjan nígbà tí àwọn náà ń ṣòwò níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu omi bí òǹgbẹ bá jí wọn. Àǹtí ní kí n gbé e kúrò ní yàrá ìyá àgbà, kí ìyá má mu omi mọ́ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo wọlé. Ìyá àgbà wò mí.

"Ìwọ ni wọ́n rán?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Gbé e. Kò sóhun tó burú."

Mo gbé e lọ sórí pẹpẹ ilé ìdáná. Kò pẹ́ tí ètè wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Omi ẹnu ọ̀nà ò sì dáwọ́ dúró. Àǹtí ní ó ní láti jẹ́ pé ìyá ń jí omi mu.

Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí àwọn ẹ̀gbọ́n Àǹtí dé láti Abidjan, Àǹtí ní òórùn yẹn ò ní jẹ́ kí àwọn lè gbójú sókè láàárín àwọn èèyàn àwọn. Wọ́n ní kí ìyá lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò wọn ọkùnrin ní ìlú Ọ̀là. Báàgì kan péré ni ìyá àgbà gbé. Wọn ò mú ẹní ìkírun wọn, wọn ò sì béèrè ife. N ò jáde lọ sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo sá sí, mo ń ha ìdí ìkòkò tí mo ti ha tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ mú ìgbálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tẹ omi.

Mo kọ́kọ́ rò pé n ò nu ti àná dáadáa ni. Mo tan iná fóònù mi, mo tàn án sílẹ̀. Omi náà wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, a ti ká aṣọ orí rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tọ ibi tí omi náà ti wá. Ó gba ìdí ògiri, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì parí sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kó ọṣẹ àti àkísà jáde, mo wá ki orí bọ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ilé náà. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti dúdú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òórùn ìtọ̀ tí a ń sọ yẹn gan-an ló kọ lù mí nímú. Pákó tó jẹrà ni.

N ò rí omi tó ń kán. Mo fi aṣọ nu gbogbo páìpù ibẹ̀ gbẹ, mo wá ya tíṣù wẹ́wẹ́, mo fi wé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Páìpù ńlá tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde gbẹ. Oríkèé kejì gbẹ. Ibi tí ọ̀sì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé omi lọ sí ẹnu ẹ̀rọ, ti so mọ́ páìpù ara ògiri ni tíṣù ti rin, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lẹ̀ mọ́ irin. Omi náà ń yọ́ gba ẹ̀yìn páìpù lọ sílẹ̀, kò dún rárá. Ìgbà náà ló wá yé mi. Òru ni iná sábà máa ń dé ládùúgbò wa, ìgbà náà ni à ń fa omi kànga sínú táǹkì orí òpó. Bí táǹkì bá kún, omi á máa fi agbára tì, oríkèé á jò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí a bá ti lo omi náà lójú ọjọ́, tó fà, jíjò á dúró.

Mo lọ pe Àǹtí. N ò tíì pe wọ́n rí. Àwọn ni wọ́n máa ń pè mí.

"Kí ló dé? Ejò ni?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, mà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbé ìka sí imú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lórí táìlì pẹ̀lú aṣọ oorun wọn. "Pàdọ́ọ̀," ni wọ́n ń sọ, bí àwọn ará Abidjan ṣe ń tọrọ àforíjì. "Pàdọ́ọ̀, pàdọ́ọ̀." Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, n ò sì rò pé èmi ni wọ́n ń bẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ká tún un ṣe kíákíá. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ síta o. Bí ìyá bá padà dé tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n á rò pé àdúà ló gbà. Gbogbo wa á sì gbàgbé ẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Púlọ́ńbà tí wọ́n pè sọ pé Ìwó lòun wà, ó di ọ̀túnla kí òun tó lè wá. N ò lè dúró dìgbà náà. Mo ti omi táǹkì pa, mo fi sípánà tú ọ̀sì náà. Omi tó kù nínú páìpù fọ́n sí mi lójú, ó rin ìborùn mi gbìndìn. N ò nù ún. Mo di ọ̀sì náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tajà tẹ inú rẹ̀ wò. "Rọ́bà wáṣà rẹ̀ ti jẹ, irin rẹ̀ náà ti dípẹtà. Òmíràn ni kó o rà. Púlọ́ńbà yín dà?"

"Èmi ni, sà."

N ò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ó pe ẹnì kejì rẹ̀: "Ẹ wá wo ọ̀gá wa tuntun o! Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa, ẹ má gba oúnjẹ lẹ́nu wa."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá ní, "Ó dáa, gbọ́. Ọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ fi yí i títí kó fi dúró. Kó o tó wá fi sípánà fún un díẹ̀. Bó o bá fún un jù, o pa wáṣà nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Mo fi téèpù funfun wé ẹnu páìpù, mo so ọ̀sì tuntun, mo ṣí omi, mo sì tún fi tíṣù wé e. Nírọ̀lẹ́ iná dé, táǹkì kún. Mo wo tíṣù náà kí n tó sùn. Ó gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Inú mi ò dùn. Mo ń wo ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, mo ń rò ó pé ìyá àgbà máa padà wá bá a, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wo àwọn sàn, wọ́n á sì máa bẹ̀rù ara wọn títí wọ́n á fi kú.

Àǹtí ṣì ń sùn. Mo yọ ẹní ìkírun lórí ìṣó, mo gbé ife lórí pẹpẹ, mo fi ẹní wé ife, mo jáde. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ọ̀là.

Ìyá àgbà wà níwájú ilé àbúrò wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Kò tíì sí ẹlòmíràn níta. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá àgbà, abẹ́ síńkì ló ń jò. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ti lọ, ilẹ̀ ṣì rin. Mo ti tún un ṣe."

Ọ̀bẹ wọn dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ náà tán, wọ́n jù ú sínú bàsíà.

"Ìwọ náà gbà pé èmi ni?"

"Mo gbà á, mà. Èmi ni mo sọ fún Àǹtí pé ó jọ bẹ́ẹ̀."

Mo tú ẹní náà, mo mú ife jáde. Mo rìn lọ sídìí ìkòkò omi ilé náà, mo ṣan ife, mo bu omi kún un dé etí. Mo padà wá kúnlẹ̀ síbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí wọn, mo sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi nu ọwọ́ wọn sí ara ìró, tí wọ́n gbà á.