Ẹni Tí Ọmọ Mi Kọ́kọ́ Sọ Fún

Wọ́n ní orogún ló ń kọ́ obìnrin ní owú jíjẹ. Èmi kò ní orogún. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa ní Àgọ́-Ìwòyè ló kọ́ mi, kò sì mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìyá tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tí a bá ṣe ìpàdé òbí àti olùkọ́, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí ọmọdé àti intánẹ́ẹ̀tì, nítorí mo lẹ́nu, mo sì máa ń fi ilé mi ṣe àpẹẹrẹ. Màá ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Màá ní nílé tèmi, fóònù kì í wọ yàrá, orí tábìlì pálọ̀ ni ọmọ ti ń lò ó. Tí a bá ti kí ìrun Mògàríbà tán, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, màá yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tó pè, ẹni tó kọ̀wé, àwòrán tó wọlé àti èyí tó jáde. Màá wá fi kún un pé, "Ọmọ mi kì í fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi." Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, orí mi á wú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin, ó ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ìlú Abigi ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ìparí oṣù nìkan ló máa ń wálé. Èmi àti ọmọ yìí la jọ ń jẹ, la jọ ń sùn, la jọ ń ṣe gbogbo nǹkan, kó tó di pé akẹ́kọ̀ọ́ náà dé.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ó máa ń gbálẹ̀ àgbàlá kó tó jáde lọ sí lẹ́kíṣọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí kò sí ibi tí mo lè dì mú lára rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Kò gbà kí n dirun fún òun mọ́. Ó ní Àǹtí, bó ṣe ń pe ọmọbìnrin náà, ló mọ èyí tó wà lóde. Tí mo bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé tí mo bi í pé iléèwé ńkọ́, á ní, "Dáadáa ni." Kò ní pẹ́ tí màá fi gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn, tí á máa ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé láti àárọ̀, tí á máa sín àwọn tíṣà àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ jẹ. Èmi ń dáná ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, mo ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ń fọṣọ nídìí kànga, ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa ọmọ yín. Mo ti ní kó sọ ọ́ fún yín fúnra rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á."

Ó wá ṣàlàyé. Nínú géèmù kan tí ọmọ mi máa ń ṣe lórí fóònù, ẹnìkan ti ń kọ̀wé sí i. Ẹni náà pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá tó ń gbé ní Èkó. Ọ̀rọ̀ géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, ó wá di orúkọ iléèwé, ó wá di pé kí ọmọ mi ya ara rẹ̀ ní fọ́tò nínú yunifọ́ọ̀mù, kó fi ránṣẹ́, kó má sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló já ọmọ láyà. Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó gbé fóònù tọ Àǹtí rẹ̀ lọ, wọ́n jọ dí ẹni náà lọ́nà, wọ́n sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni géèmù.

Ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi. Gbogbo ara fóònù yẹn ni mo ti ń yẹ̀ wò, n kò ṣí géèmù rí, torí eré ọmọdé ni mo pè é. Ta ló mọ̀ pé àlejò lè wọ inú eré wá bá ọmọ sọ̀rọ̀? Ìyá tí orí rẹ̀ pé ì bá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu tèmi ni, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mọ́mì."

Kí n má purọ́, ẹni inú géèmù yẹn kọ́ ni mo ń bínú sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Owú ló gùn mí. Èmi tí mo fi ọjọ́ méjì gbáko rọbí rẹ̀! Ọmọ mi rí ohun tó bà á lẹ́rù, ó sì rìn kọjá ẹnu ọ̀nà mi lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àwọn méjèèjì ń kí mi káàárọ̀, wọ́n mọ ohun tí n kò mọ̀.

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó lọ gbájú mọ́ ìwé tó wá kà, pé mo mọ ọmọ mi í tọ́. Mo wọlé, mo pe ọmọ. Èdè Ìjẹ̀bú tí n kì í sọ nínú kíláàsì bọ́ sí mi lẹ́nu: "Kí wò ń wá níbẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ Àǹtí rẹ̀. Mo pa géèmù rẹ́, mo ti fóònù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní n kò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn mọ́.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi rí yàrá mìíràn sí ìlú Awa. Mo bá a gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo ṣàdúà fún un, ẹnu mi kò pa dé fún ẹ̀rín. Ọmọ mi dúró lẹ́nu géètì títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà. Mo ní kó wọlé wá bá mi ṣa ìrẹsì.

Nígbà tí wọ́n gba họ́lídè, mo dá fóònù padà fún un nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá tí tíṣà rẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Òfin mi ṣì wà digbí, mo sì ti kọ́gbọ́n, géèmù ni mo kọ́kọ́ ń wá. Kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìkọ́kọrẹ́ tó máa ń fi ìka lá àwo rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á fi sílẹ̀. Tí fóònù bá dún, á ta gìrì. Mo yẹ fóònù náà wò lókè nílẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń máàkì ìwé ọmọdé, mo mọ ojú ewé tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀.

Mo fi pẹ̀lẹ́ bi í, mo fi ìbínú bi í, mo búra pé n kò ní nà án. "Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì." Ẹnìkan ń ṣe ọmọ mi níkà nínú pálọ̀ mi, lójú mi, kò sì fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo béèrè ohun tí n kò fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀: "Tí o kò bá lè sọ fún mi, ta lo lè sọ fún?"

Kò tilẹ̀ rò ó. "Àǹtí."

Mo wọ yàrá lọ sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo ti wé ìborùn mi, mo ní kó wọ bàtà. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì dé Awa, mo fi ọmọ sáàárín.

Ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì." Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ rí ẹ rèé." Wọ́n wọlé, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò dánu dúró. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ ju èyí tó bá mi sọ ní odindi oṣù kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde láti ti ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà jókòó.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà jáde, ó lóṣòó tì mí.

"Mọ́mì, ẹni yẹn padà wá nígbà tí ẹ dá fóònù padà fún un. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ báyìí, ó ní iléèwé kan náà làwọn jọ ń lọ. Ọmọ ń gba géèmù náà sórí fóònù láàárọ̀, ó ń pa á rẹ́ lálẹ́ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i, nínú yunifọ́ọ̀mù. Kò sí àbùkù kankan nínú fọ́tò náà, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n òmíràn ni ẹni náà ń béèrè báyìí, lójoojúmọ́."

"Kí ló dé tí kò dí i lọ́nà bíi ti ìjọsí?"

"Ẹni náà ní tí kò bá fi òmíràn ránṣẹ́, òun á fi èyí tó wà lọ́wọ́ òun ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin ló fi ń dẹ́rù bà á, Mọ́mì."

Ẹni tí kò rí mi rí, tí kò mọ ilé mi, òun ló mọ̀ pé èmi ni ọmọ mi bẹ̀rù jù láyé. Kò wá pàṣán lọ ibòmíràn, èmi ló fi ṣe é.

Mo wọlé. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá fóònù mọ́ àyà. Bó ṣe rí mi, ó sún mọ́ ògiri. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti mọ̀, mo sì ti wà níbí." Ọmọbìnrin náà ní ká má dá ẹni náà lóhùn mọ́, ká má sì pa ohunkóhun rẹ́, ká ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ lójú fóònù, ká gbé e tọ ọlọ́pàá lọ. Mo na ọwọ́ sí ọmọ mi pé kó gbé fóònù fún mi.

Kò wò mí. Ojú Àǹtí rẹ̀ ló wò, kó lè mọ̀ bóyá kí òun gbà mí gbọ́. Ọmọbìnrin náà mirí sí i pé kó gbà. Owú jẹ mí débi tí ojú mi fi ṣú, ṣùgbọ́n n kò ká ọwọ́ mi kò, mo nà án síbẹ̀ títí ó fi gbé fóònù náà lé e.