Ìgbànú Funfun Lẹ́yìn Àádọ́ta Ọdún

Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mi ò bá a jiyàn. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ọjà Ouando. Ẹfun ìkọ̀wé ti wọ̀ mí lọ́fun débi pé bí mo bá dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ikọ́ ni mo fi ń parí rẹ̀. Bí mo bá délé lálẹ́, mo máa ń jókòó lórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, torí pé àtibẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tú okùn rẹ̀ ti di iṣẹ́.

Dókítà ní kí n máa rìn, tàbí kí n wá eré ìdárayá kan tí yóò máa mú mi làágùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ìrìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rìn láti Dowa tí mò ń gbé lọ sọ́nà ọjà, àmọ́ kò sí ilé tí mo kọjá tí wọn ò ti kí mi, tí wọn ò sì bi mí pé kí ló dé tí mo ń fẹsẹ̀ rìn, ṣé kò sí ọ̀kadà sémíjàn ni. Kí n tó dá wọn lóhùn tán, òógùn náà á ti gbẹ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, tí kì í sí kíláàsì, mo lọ kó ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nílé. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń fi ohùn kan ṣoṣo ka nǹkan nínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa: “Hánà, dul, sẹt, nẹt.” Mo gbọ́ Gùn, mo gbọ́ Fọ̀n, Faransé ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n èyí kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo yọjú. Àwọn ọmọ bí ogún ló tò síbẹ̀, nínú ṣòkòtò àti ẹ̀wù funfun, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n ṣe ń kà. Ọkùnrin tó dúró níwájú wọn rí mi. Ó ní kí wọ́n dúró ná, ó rìn tọ̀ mí wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Mi ò dá a mọ̀. Òun ló rán mi létí pé mo kọ́ òun ní ọdún tó ti lé ní ogún sẹ́yìn, pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lòun máa ń jókòó sí. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń jó irin pọ̀. Ó ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lójú ọ̀nà Adjarra báyìí. Ìjà àwọn ará Kòríà tí wọ́n ń pè ní tẹ́kwọńdò ló ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Mo bi í bóyá àgbàlagbà lè kọ́ ọ. Mo kàn fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Àbámẹ́ta.

Mo lọ lóòótọ́. Títí di òní, mi ò lè sọ ìdí rẹ̀, àfi pé ó ti rẹ̀ mí débi pé ibikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n lọ, ibẹ̀ náà ni mo máa lọ.

Dóbọ̀kì ni wọ́n ń pe aṣọ funfun náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́ jáde, ìyá kan tí a jọ ń kọrin nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aṣọ funfun, ó wo ìgbànú funfun, ó wo bàtà tí mo fi ọwọ́ mú, ó wá rọra bi mí pé ìgbà wo ni mo ti di ará Sẹ̀lẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé ìjà ni mo fẹ́ lọ kọ́. Ó dà bíi pé ti Sẹ̀lẹ́ ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èyí lọ.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. A máa ń tẹ orúnkún bíi pé a fẹ́ gun ẹṣin, a ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí itan á fi máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìkíni ló kọ́kọ́ nira fún mi. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kí wọ́n tẹrí ba fún olùkọ́. Ọmọ tí mo kọ́ ní á, bí, dí ni mo fẹ́ tẹrí ba fún. Ọrùn mi le. Òun náà rí i, ojú tì í, ó sì tẹrí ba jù mí lọ; èmi náà tún tẹ̀ ẹ́ sí i, òun náà tún tẹ̀ ẹ́ sí i, títí àwọn ọmọ fi bú sẹ́rìn-ín.

Fún oṣù mẹ́ta, kò tọ́ mi sọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń fi Gùn bá àwọn ọmọ wí, ó ń fi Faransé pàṣẹ fún wọn, ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á sì fi Nàgó, èdè àbínibí mi, sọ pé mo kú iṣẹ́, pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá dá ohùn náà mọ̀. Èmi náà ní irú rẹ̀. Ohùn tí mo máa ń lò ni fún àwọn ọmọ tí mo ti gbà lọ́kàn mi pé wọn ò lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ìgbésẹ̀ méjìdínlógún ni a ó tò tẹ̀ lé ara wọn, kí a tó lè bọ́ ìgbànú funfun ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a sì gba ìgbànú aláwọ̀ yẹ́lò. Ọkùnrin kan wá láti Kùtọnu láti dán wa wò. Ọmọ mẹ́jọ ló fẹ́ ṣe ìdánwò náà, èmi ni ìkẹsàn-án. Nígbà tí mo dé ìgbésẹ̀ keje, mo yà sósì dípò ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ sì pòórá lórí mi. Ọkùnrin náà ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Mo tún ṣìnà níbẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gba ìgbànú tiwọn. Mo gun sémíjàn lọ sílé, mo sì sùn pẹ̀lú dóbọ̀kì lọ́rùn.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo tètè lọ kí àwọn ọmọ tó dé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi pé mi ò mọ̀ ọ́n.

“Ìyá, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

“Bí o ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tó kù.”

Ó gbálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀rù yín ṣì ń bà mí.”

Ó na àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ó ní nígbà tóun wà ní kíláàsì mi, òun kì í ka ìlà kejì kí n tó fi igi ìfàlà na òun níbẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ẹni tó ń jó irin ni, ó nípọn, ó kún fún àpá iná. Mo gbìyànjú láti rántí ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, mi ò rántí rẹ̀. Ọwọ́ tí mo ti nà nígbà náà pọ̀ ju èyí tí mo lè rántí lọ. Mo sọ fún un pé mi ò rántí, pé kó má bínú, kó foríjì mí.

“Ó dùn mí gan-an nígbà náà,” ló wí.

Àwọn ọmọ ti ń wọlé, ó sì lọ gbé ọwọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọ́ mi sọ́nà, kò sì dá mi sí. Ìyá, orúnkún. Ìyá, ẹ yí ìbàdí. Ìyá, ẹ tún un ṣe. Nígbà mìíràn inú á bí mi, á máa ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé mo dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan tí èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin, mo sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí.” Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé “ẹ” ni mo lò fún un.

Mo fẹ́ sọ pé èyí yí mi padà nínú kíláàsì. Ó yí mi padà díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi igi ìfàlà sílẹ̀, ẹnu mi ló kù tó ń nani. Bí ọmọ kan bá ń fà nídìí ìwé kíkà, mo máa ń gbìyànjú láti fi ìka hàn án ní ibi tó ti ṣìnà gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo kàn ń wí fún ẹni náà pé ó dáa, kó jókòó.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo tún ṣe ìdánwò. Mo yà sọ́tùn-ún níbi tó yẹ kí n yà sí. Ọkùnrin ará Kùtọnu náà fi ọwọ́ méjèèjì na ìgbànú yẹ́lò sí mi, bí àṣà wọn ṣe rí. Èmi náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ní láti fà mí dìde, torí pé orúnkún mi kọ̀.

Orúnkún náà wú lóṣù tó tẹ̀ lé e. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ díẹ̀, kí n má ṣe fi oògùn sílẹ̀, kí n sì dín ìta-ẹsẹ̀ kù. Àbámẹ́ta nìkan ni mo ń lọ báyìí. Àwọn ọmọ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti wà ní ìgbànú aláwọ̀ ewé. Mi ò rò pé mo máa débẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ta ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Olùkọ́ mi wá bá mi níbẹ̀, ó wo orúnkún mi, ó ní kí n sinmi, pé tí mo bá sinmi tán, ẹsẹ̀ òsì ló kù. Mo ní mo ti gbọ́. Ó pa dà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà.