Ojú Ọ̀nà Ti Kúrò Nílé Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó ilé ní Dúgbẹ̀. Ayé òyìnbó ṣì ni nígbà náà. Títí dòní, tí mo bá rántí, ojú ṣì ń tì mí.

Ọmọ Ìbàdàn paraku ni ìyá ọkọ mi. Lójú tiwọn, ẹni tí kì í bá ṣe ará ìgboro, ará oko ni. Ṣé èmi náà á wá gbà? Mo máa ń sọ pé etí títì nilé bàbá mi wà o! Lọ́rì tó ń ti Ìbàdàn lọ Ìjẹ̀bú-Òde, iwájú ilé wa ló ń dúró sí.

Irọ́ kọ́. Bàbá mi wà lára àwọn tó fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà yẹn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ làwọn alárù ń gbà ru kòkó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà mọ́tò, baálẹ̀ wa ní òun ò ní yọ̀ǹda ọkùnrin kankan fún iṣẹ́ náà àfi bí ọ̀nà bá máa gba àárín abúlé. Bó ṣe yà wá bá wa nìyẹn.

Ó di ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi ní àwọn fẹ́ bá mi lọ kí àwọn òbí mi. Inú mi dùn! Wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ bàtà tuntun. A wọ lọ́rì, mo sọ fún kọ̀ńdọ́ pé kó já wa sílẹ̀ níwájú ilé bàbá mi. Ó kàn wò mí.

A kọjá Ìdí-Ayunrẹ́. Ọ̀dà dúdú ń dán, ọ̀nà lọ gbọnrangandan, kò yà síbì kankan. Àfi bí lọ́rì ṣe dúró sáàárín igbó! Kọ̀ńdọ́ nawọ́ sí ọ̀nà tóóró kan.

“Abúlé yín wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ti na ọ̀nà, kò gba abúlé yín mọ́, ó ti pẹ́. Àǹtí, ẹ ò mọ̀ ni?”

Ìyá ọkọ mi bọ́ bàtà, wọ́n fi kọ́wọ́, koríko ń ha wọ́n lẹ́sẹ̀. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Bàbá mi la bá níta, wọ́n ń gbálẹ̀. Igbó ti bo ọ̀nà àtijọ́ náà lọ́tùn-ún lósì, iwájú ilé wa nìkan ló mọ́ tónítóní. Mo kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi béèrè ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀nà kúrò. Bàbá mi ní ó ti pẹ́ gan-an, pé kòkó tí aládùúgbò àwọn gbìn sójú ọ̀nà náà ti ń so.

Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi. Ó ti yé wọn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò padà wá wo àwọn òbí mi rí. Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí.

Mo wá ọ̀rọ̀ sọ. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gbá ibi tí mọ́tò ò gbà mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀nà tí ìwọ mọ̀ nìyí. Mo ní bí o bá ń bọ̀, ibẹ̀ lo máa gbà.”

Ìyá ọkọ mi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbálẹ̀, mo ń sunkún.

Ẹ má fi ilé tí ẹ kì í yà sí yangàn o! Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń gbá ojú ọ̀nà dè yín nílé? Ẹ sọ tiyín fún mi.