Ọmọ Àáfáà Ní Ilé-Ìwé Ìjọba

Ẹ bá mi dá sí i, ó ti rẹ̀ mí.

Látìgbà tí òyìnbó ti ní ká mú ọmọ wá sí ilé-ìwé ìjọba ni Àáfáà tó ń kọ́ Sàláwù ọmọ mi ní kéwú ti ń sọ fún mi pé, "Wọn á gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀."

Lónìí, mo ní kí n lọ fojú ara mi wo ilé-ìwé náà. Ọmọ Àáfáà ni mo bá tó jókòó síwájú!

Mo gba ilé kéwú lọ tààrà. "Àáfáà, ọmọ yín ni mo rí un?"

Wọn ò tiẹ̀ bínú. "Ọmọkùnrin mẹ́fà ni mo bí. Mo ní kí n fi ọ̀kan dán an wò. Ìwọ ńkọ́? Ẹyọ kan lo ní."

Mo fa Sàláwù lọ́wọ́, a ń lọ sílé.

Ẹ̀yin òbí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ibo lẹ máa mú un lọ lọ́la?