Olú Abẹ́ Afárá Kankon

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Gbọ́láhàn ti ń wa ọkọ̀ fún yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Iṣẹ́ awakọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ìdajì rẹ̀ ìwakọ̀ ni, ìdajì rẹ̀ ìdúró. Bí wọ́n bá dúró báyìí, àwọn awakọ̀ yòókù a sùn sínú ọkọ̀, wọn a na ẹsẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde. Gbọ́láhàn ní tirẹ̀ a máa rìn kiri. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, inú oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìyá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá máa jẹ olú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó nídìí, nítorí olú tó wuyì jù nínú igbó lè pa odidi agboolé.

Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Dókítà Hidayah ló ń gbé kiri. Ìgboro Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí obìnrin náà, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni wíwá irú olú tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé rí, kó lè mọ̀ bóyá èròjà kan wà nínú wọn tó wúlò fún oògùn. Ajára, Apá, Kankon, kò síbi tí wọn kò dé. Kúlà méjì ló máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀: búlúù fún olú, pupa fún omi tútù àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá kó wálé, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọn a rí i pé ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gánà tàbí ní Íńdíà kí wọ́n tó bí wọn.

"Bàbá Tóbi," Dókítà wí fún un lọ́jọ́ kan, "ó jọ pé àwọn tó ṣáájú wa kò ṣẹ́ nǹkan kan kù."

"Wọ́n ṣẹ́ ẹ kù, Dókítà. A ò tíì tẹ̀ ba tó ni."

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù Keje, wọ́n wà ní Kankon. Dókítà àti Ìtùnúolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ti wọnú àbàtà lọ. Gbọ́láhàn ń rìn létí omi nígbà tó kan ìtì àgbọn kan tí ìjì ti wó lulẹ̀. Nǹkan funfun bí òwú, irú èyí tó ń bo búrẹ́dì tó bá ti bu, ti bo ìtì náà láti ìdí dé orí. Ibì kan ṣoṣo ni kò bò. Àwọn olú kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọn kò ju èékánná lọ, wọ́n dúdú lókè, wọ́n pọ́n bí osùn nísàlẹ̀, ohun funfun náà sì jìnnà sí wọn yíká ní ìwọ̀n ìbú ìka kan.

Gbọ́láhàn lóṣòó, ó wò wọ́n nídìí. Kò rí irú wọn rí. Ó fi ọ̀bẹ ṣí mẹ́rin, ó fi ewé wé wọn, ó sì sọ wọ́n sínú kúlà tó súnmọ́ ọn jù. Pupa ni.

"Ta ló kó èyí lé mọ́ínmọ́ín mi lórí?" Dókítà bèèrè nígbà tó jáde láti inú àbàtà.

"Èmi ni. Ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ wò ó, ohun tó bo gbogbo igi yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá."

Ebi ń pa Dókítà, ó sì ti na ọwọ́ láti da ewé náà nù. Ó dá ọwọ́ dúró. "Kí lẹ ní kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Gbọ́láhàn mú un lọ síbẹ̀. Dókítà dúró ti ìtì náà pẹ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbàgbé oúnjẹ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó tó ránṣẹ́ pè é wá sí láàbù, ibi tí Gbọ́láhàn kò wọ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń gbé wọn débẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan wà lórí tábìlì, ohun tó ń ba ìbẹ́pẹ jẹ́ lóko ti bò ó pátá, àfi àárín, ibi tí wọ́n kán omi olú náà sí. Àárín mọ́ roro.

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?" Gbọ́láhàn bèèrè.

"Kò lórúkọ. A ti fi àbùdá rẹ̀ wé gbogbo èyí tó wà nínú ìwé, kò jọ ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ mú wá ti tán sídìí àyẹ̀wò. Bí a ò bá ní odidi rẹ̀ nípamọ́ káwọn ẹlòmíràn lè wá wò ó, wọn ò ní gbà wá gbọ́."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún forí lé Kankon. Ìtì àgbọn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ibi tó sùn sí nìkan ló kù nínú iyanrìn.

Ìyá Mautin, àgbàlagbà Ègùn kan tó ń se epo àgbọn nítòsí, ló rí wọn tí wọ́n ń yí kiri.

"Mì kuabọ̀," ó kí wọn káàbọ̀. "Kí lẹ sọnù?"

"Ìtì àgbọn tó wà níbí, Ìyá."

"Áà, àwọn ọkùnrin ti gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú sí kòtò tó wà lọ́nà èbúté. Wọ́n ti fi ṣe afárá fún mi."

Lóòótọ́, wọ́n bá igi náà lórí kòtò tó wà lọ́nà ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ẹsẹ̀ èèyàn ti họ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Apẹja kan ń gbé kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Dókítà Hidayah jókòó sórí koríko, ó fọwọ́ lérán.

Gbọ́láhàn wo abẹ́ igi náà. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì kó sínú kòtò. Ẹrẹ̀ kò ka ṣòkòtò kíká sí, ìbàdí ló mù ún dé. Ó tẹ̀ ba lọ sábẹ́ igi náà. Níbẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀, àwọn olú náà so rọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n lé ní ọgbọ̀n.

"Dókítà," ó pè, ohùn rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹ gbé kúlà wá. Búlúù o."

Dókítà dìde wìì, kò mọ ìgbà tí bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gba olú mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bí sí i. Ó wá ku Gbọ́láhàn fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀ dì í mú. Àjẹ̀ apẹja ni wọ́n nà sí i, tí apẹja àti Ìtùnúolúwa fi fà á jáde, Ìyá Mautin sì da omi lé e lórí títí àwọ̀ ṣòkòtò rẹ̀ fi hàn. Ẹ̀rín ń pa ìyá náà tó bẹ́ẹ̀ tí gèlè rẹ̀ fi tú. Inú Gbọ́láhàn dùn lọ́nà kan tí kò lè sọ. Ó ti gbé àwọn tó ń wá nǹkan kiri fún ọdún púpọ̀. Òní yìí, òun gan-an ló rí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìsọmọlórúkọ, Dókítà ní orúkọ Gbọ́láhàn ni kí olú náà máa jẹ́. Gbọ́láhàn fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó, ó sì kọ̀.

"Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ìkọ̀lé, wọ́n á ní Gbọ́láhàn lọ sí Èkó, ó di olú. Ẹ fi jẹ́ Kankon. Ilé rẹ̀ nìyẹn."

Orúkọ Kankon ló wọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Gbọ́láhàn wà lára mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ sókè ìwé ìwádìí náà. Tóbilọ́ba, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, rí i lórí fóònù, ó pè é.

"Dádì, Gbọ́láhàn Olúdọ̀tun kan wà níbí. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ka orúkọ tó tẹ̀lé e fún mi ná, kí n lè mọ̀ bóyá èmi ni," ni bàbá rẹ̀ dáhùn.

Èròjà inú olú náà kò tíì di oògùn. Dókítà ní ó lè gba ọdún mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ oko ìbẹ́pẹ nìkan ni yóò wúlò fún. Gbọ́láhàn máa fẹ̀yìntì lọ́dún tó ń bọ̀. Dókítà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá àwọn lọ sí àbàtà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn yóò sì máa wa ọkọ̀. Ó gbà, bí wọ́n bá lè rí bọ́ọ̀tù tó dé itan fún un. Bọ́ọ̀tù náà ti dé lóṣù tó kọjá. Ó fún un lẹ́sẹ̀ díẹ̀.