Ohùn Tí Kò Lójú

Èmi ni mo dá a lábàá, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Mo ní àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain, l'Amẹ́ríkà níbí, ò mọ igi kankan ju igi Kérésì lọ. Kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kí wọ́n wá wo ohun tí Ọlọ́run dá, kí wọ́n fi kọ ewì, kí wọ́n sì yà á. Bẹ́ẹ̀ èmi alára, nọ́ọ̀sì tó ń fọwọ́ kan òkú láìmikàn, ẹ̀rù igbó ń bà mí.

Ìdí nìyí tí mo fi pe ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo bí síbí, sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ kó wọn lọ. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni mo sọ fún un: "Tí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pè ọ́ nínú igbó, tí o ò rí ojú ẹni tó ń pè ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́ o. Kì í ṣe gbogbo ohùn ni ti èèyàn." Ó ní, "Yes, ma."

Ní páàkì, níbi tí òtútù ti gbọn ewé igi dànù, a fún wọn ní ìwé àti pẹ́ńsù, mo ní kí wọ́n jókòó níbi tí ojú mi á ti tó wọn. Nígbà tó yá, mo kà wọ́n: mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án la kó wá. Mo tún wọn kà. Tèmi ni kò sí.

Yéè! Mo figbe ta, mo pe orúkọ rẹ̀. Uncle tó wa bọ́ọ̀sì wa pè é, àwọn ọmọ pè é. Igbó pa lọ́lọ́. Mo rántí odò tó wà nísàlẹ̀, mo rántí ejò, mo rántí àwọn onílé ẹ̀gbẹ́ páàkì tó lè yọ ìbọn tí wọ́n bá rí ọmọ dúdú lẹ́yìnkùlé wọn. Uncle ní, "Aunty, ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá. Tó bá wà nítòsí, ṣé kò ní dáhùn ni?"

Kò ní dáhùn! Ẹnu òfòrò ló pa òfòrò: èmi ni mo ní kó má jẹ́.

Kí ni mo fẹ́ sọ tí iwin ò lè sọ? Mo wá rántí ewì tó kọ nídìí oúnjẹ àárọ̀, tó kà fún èmi nìkan. Mo ké e sókè: "Igi oníhòòhò, ta ló gba aṣọ lára rẹ?"

Ohùn kékeré kan dáhùn lẹ́yìn igi ńlá kan tó ti wó, kò jìnnà sí mi rárá: "Òtútù ló gbà á. Ó máa dá a padà."

Igi yẹn ló lọ yà. Ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omijé ti rin ọrùn aṣọ rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra. Mo fẹ́ bá a wí, ẹkún ni mo bú sí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ́."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ráyè wo ìwé rẹ̀. Ó ya igi náà dáadáa, títí dórí èèpo. Àmọ́ lẹ́yìn igi náà, ó ya ẹnu ńlá kan tó là sílẹ̀, kò lójú, kò nímú. Mo bi í pé iwin wo nìyẹn.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ìgbà tí ẹ̀ ń pè mí."